Ẹlẹ́rìí Tó Gba Irọ́ Gbọ́

Àbúrò ìyá mi du ipò káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa nígbà tí wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀ kẹ́yìn. Kò wọlé. Mo ti tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó tì mí títí, kó máa retí ibi tí wọ́n ti máa gbé e sí èjìká yí Mápó ká. Ọ̀rọ̀ ìbò kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni, ẹjọ́ kan tí mo fi gbogbo ẹnu ṣèlérí pé a máa jàre ẹ̀, tí àwọn ará ilé wa sì fi ìfẹ́ bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Lọ́yà ni mí. Ọ́fíìsì mi kò ju yàrá kan lọ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Bẹẹrẹ, àmọ́ mo kọ orúkọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gàdàgbà, ẹni tó bá ń gun òkè Mápó kò lè ní òun kò rí i. Àbúrò ìyá mi yìí, Bọ̀dá ni mo máa ń pè é, torí ọdún tó fi jù mí lọ kò tó nǹkan. Ìyá mi ló tọ́ ọ. Ìyá wọn kú nígbà tí òun ṣì ń rákò, ìyá mi ló gbé e pọ̀n, ọ̀dọ́mọbìnrin ni àwọn náà nígbà yẹn.

Káfíńtà ni Bọ̀dá. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà níwájú agboolé wa ní Ọ̀rányàn. Kì í kan bẹ́ẹ̀dì, kì í kan kọ́bọ́ọ̀dù, tábìlì ìpàtẹ ló ń kàn. Láti Ọjà'ba títí dé Bẹyẹrúnkà, púpọ̀ nínú tábìlì tí àwọn èèyàn ń pàtẹ lé lẹ́bàá títì ló ti ọwọ́ ẹ̀ jáde. Kó tó kan tábìlì fún ọ, á kọ́kọ́ bá ọ lọ síbi tí o ti ń tajà, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi okùn wọn ilẹ̀, torí ilẹ̀ ìlú wa kò tẹ́jú, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Ẹsẹ̀ tábìlì tó bá kọjú sí òkè á kúrú, èyí tó kọjú sí ìsàlẹ̀ á gùn. Bí o bá wá gbé tábìlì ọ̀hún lọ síbòmíràn, á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọjà á máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀. A máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nílé. Òun ní kí á máa rẹ́rìn-ín lọ, pé kò sí olè tó lè jí tábìlì òun gbé kó rí i lò.

Ọ̀rọ̀ sísọ ni ibi tó kù sí. Tí Bọ̀dá bá fẹ́ ta ko nǹkan, á kọ́kọ́ sọ nǹkan ọ̀hún bí ẹni pé tiẹ̀ ni. Á sọ ọ́ dáadáa, á gbé ohùn sókè, á na ìka, kó tó wá yí ọ̀rọ̀ náà dojú dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń jíròrò yunifásítì mi, ó dìde láàárín ẹbí, ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ náwó lórí ọmọbìnrin, kí wọ́n wá ọkọ fún mi, kí ilé ó tòrò. Mo ti bú sẹ́kún kó tó dé ibi tó ti ń bi wọ́n pé ta ni nínú wọn tó láyà láti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú òun. Ilé wa ti mọ̀ ọ́n, a máa ń dúró dè é. Rédíò kò dúró dè é.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló bá àwọn ọlọ́jà sọ̀rọ̀ ní ìsàlẹ̀ Mápó. Ó yá agbádá baálé wa wọ̀, agbádá tó gba èèyàn méjì bíi tiẹ̀, ó ń ká apá ẹ̀ sókè ṣáá bí ẹni tó fẹ́ fọṣọ. Mo wà níbẹ̀, etí mi ni mo fi gbọ́ ọ. Ó ní: "Wọ́n á sọ fún yín pé bí mo bá wọlé, a máa lé gbogbo ẹni tó ń pàtẹ lẹ́bàá títì, a máa kó tábìlì wọn dànù. Ta ló máa ṣe irú ẹ̀? Ṣé èmi tí mo kan tábìlì náà ni?" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan tó ń ta ike fi fóònù ẹ̀ gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Akọ̀ròyìn kan náà na ẹ̀rọ tiẹ̀ sí i lẹ́nu.

Nígbà tó di aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, lórí ètò ìròyìn tí gbogbo àdúgbò máa ń gbọ́ kí wọ́n tó jáde nílé, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan fi ohùn arò kéde pé olùdíje kan ti gbógun ti àwọn mẹ̀kúnnù o. Ohùn Bọ̀dá wá tẹ̀ lé e, kedere: "A máa lé gbogbo ẹni tó ń pàtẹ lẹ́bàá títì, a máa kó tábìlì wọn dànù." Ó parí síbẹ̀. Wọ́n ti gé orí ẹ̀, wọ́n ti gé ìrù ẹ̀. Wọ́n fi orin sí i, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Kó tó di ọ̀sán, ó ti wà lórí fóònù gbogbo ayé.

Bọ̀dá gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi wá lọ́jọ́ náà, ẹ̀rúnrún pákó ṣì wà ní ìpéǹpéjú ẹ̀. Ó ní àwọn méjì tó ní kí òun kan tábìlì fún wọn ti ránṣẹ́ pé kí òun dúró ná. Obìnrin kan tó máa ń kí òun láràárọ̀ ti wo òun kọjá lọ bí ẹni wo òpó iná. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ìbò ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó wò mí bí ẹni pé mi ò gbọ́ èdè.

"Ipò yẹn, bó bá bọ́, kó bọ́," ló sọ. "Àárín àwọn èèyàn yìí ni mò ń gbé. Mi ò lè máa gbé láàárín wọn kí wọ́n máa rò pé mo lè da tábìlì wọn nù. Kí lòfin lè ṣe fún mi?"

Irú ìbéèrè tí mo fẹ́ràn nìyẹn. Mo tún gèlè ṣe, mo sì la ọ̀rọ̀ yé e. A lè kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ rédíò náà pé kí wọ́n kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ, kí wọ́n tọrọ àforíjì lórí ètò kan náà, ní aago kan náà, kí wọ́n sì jẹ́ kí òun alára wá fèsì lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá ṣagídí, a lè fi ẹjọ́ wọn sun àwọn tó fún wọn níwèé àṣẹ. Bí ìyẹn kò bá tu irun kan lára wọn, kọ́ọ̀tù ń bẹ, ká pè wọ́n lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́, kí wọ́n san owó gbà-má-bínú. Ó bi mí bóyá adájọ́ lè dá a kó tó di ọjọ́ ìbò. Ní kọ́ọ̀tù wa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tó wọn láti fi wá fáìlì, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó tún bi mí bóyá wọ́n lè gba rédíò náà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n gbé e fún òun. Mo ní kó mu omi.

Mo kọ lẹ́tà náà, ó gbóná. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n fèsì. Wọ́n ní ohùn ẹ̀ ni àwọn gbé sáfẹ́fẹ́, àwọn kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún un. Òótọ́ ni wọ́n sọ, wọn kò fi kún un, wọ́n yọ nínú ẹ̀ ni. Wọ́n wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé bó bá wù ú láti ṣàlàyé ara ẹ̀, kó wá ra ìdajì wákàtí, wọ́n sì fi ìwé tí wọ́n kọ iye owó sí há inú lẹ́tà fún wa. Inú bí mi débi pé mo ka lẹ́tà náà sókè fún ògiri. Mo kọ ìwé ẹ̀sùn sí àwọn tó ń mójú tó iṣẹ́ rédíò, mo fi ohùn tí oníke yẹn gbà sílẹ̀ tì í. Ẹ̀sùn yẹn ṣiṣẹ́ nígbẹ̀yìn. Wọ́n ka àtúnṣe, gbólóhùn méjì péré, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí ìbò ti lọ tí gbogbo èèyàn sì wà lọ́jà. Àmọ́ mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí nígbà yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé kọ́ọ̀tù.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Nínú ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́, kò tó kí èèyàn dìde níwájú adájọ́ kó ní wọ́n ba òun lórúkọ jẹ́. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ wá jẹ́rìí pé òun gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, òun gbà á gbọ́, ojú tí òun fi ń wo ẹni náà sì ti yí padà. Bí kò bá sí irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀, agbẹjọ́rò rédíò á béèrè pé orúkọ wo ló bàjẹ́, lọ́dọ̀ ta ni. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo lọ sí agboolé wa, mo ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn, mo ní èèyàn méjì péré ni mo ń wá. Gbogbo wọn ló ní àwọn ń bọ̀. Inú mi dùn, mo lọ ra bébà.

Baálé wa ló kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ Ajé, ó wọ funfun nigínnigín. Mo bi í bóyá ó gbọ́ ọ lórí rédíò. Ó gbọ́ ọ. Mo bi í kí ló wá rò nípa Bọ̀dá. Ó na ẹ̀yìn ró, ó ní òun kò gbà á gbọ́ rárá, pé ká tiẹ̀ ní màlékà ló wá jẹ́ ẹ fún òun, òun á ní kó padà lọ bi ẹni tó rán an. Mo rọra ṣàlàyé pé ohun tí a kò fẹ́ gan-an nìyẹn. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó bi mí bóyá rédíò ti fún mi ní nǹkan.

Ìyàwó ilé kan tẹ̀ lé e. Ó ní bí òun ṣe gbọ́ ọ báyìí, òun pa rédíò, òun ṣẹ́ èpè fún sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà, àti pé láti ọjọ́ yẹn, ìfẹ́ tí òun ní sí Bọ̀dá ti di ìlọ́po méjì. Mo ti kọ ọ́ tán kí n tó rí ohun tí mo kọ. Bí mo bá gbé ìwé yẹn dé kọ́ọ̀tù, àwa la máa jẹ rédíò ní ọpẹ́. Bíríkìlà kan nínú ẹbí wa ní ọ̀rọ̀ mi yé òun dáadáa, òun lè bá mi sọ pé òun gbà á gbọ́, bó bá jẹ́ pé wọn kò ní í fún òun ní Kùránì dì mú. Mo ní ẹ̀wọ̀n ló ń wá yẹn. Ó ní ìfẹ́ ẹbí ni. Onígbàjámọ̀ tó wà ní ọ̀ọ́kán ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá náà wá, òun tó ń ṣe ẹgbẹ́ alátakò, ó sì fi tayọ̀tayọ̀ sọ pé òun gba gbogbo ẹ̀ gbọ́. Ọkàn mi fò sókè. Mo bi í ojú wo ló fi ń wo Bọ̀dá tẹ́lẹ̀. Ó ní láti kékeré lòun ti mọ̀ pé kì í ṣèèyàn gidi. Mo pa fáìlì dé.

Ẹ bá mi wò ó. Odidi agboolé, kò sí ẹnì kan tó lè ronú ibi sí ọkùnrin yìí fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó ṣe é nítorí òfin. Bọ̀dá alára ń yọ̀. Bí mo ṣe ń ka ìwé ìjẹ́rìí tí kò wúlò kọ̀ọ̀kan fún un, ojú ẹ̀ ń dán sí i, ó ń ní kí n tún ka ti baálé.

Ní gbogbo àkókò yìí, ìyá mi kò lọ sí Bẹyẹrúnkà. Òwú, síìpù àti bọ́tìnnì ni wọ́n ń tà fún àwọn télọ̀ níbẹ̀, mi ò sì rántí ìgbà tí wọ́n fi odidi ọ̀sẹ̀ kan jókòó sílé rí. Wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn. Mo ra òróró ìfira, Bọ̀dá náà ra tiẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo wọ yàrá wọn pé kí n bá wọn fi òróró ọ̀hún pa orúnkún, ni mo bá rí tábìlì wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Tábìlì àkọ́kọ́ tí Bọ̀dá kàn láyé ni, ìgbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ló kàn án fún wọn. Ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n fi òkúta gbe ẹsẹ̀ ẹ̀ kan, síbẹ̀ ike bọ́tìnnì ṣì ń yọ̀ bọ̀. Mo bi wọ́n ta ló gbé e wálé. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ni. Mo ní pẹ̀lú orúnkún wo? Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹsẹ̀ tí kò tiro rárá. Ìyá mi wọlé. Bọ̀dá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú agbádá, ó fẹ́ jáde lọ bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé àga fún wọn. Wọn kò wò ó. Èmi ni wọ́n kọjú sí.

"Wọ́n ní ẹni tó gbà á gbọ́ lò ń wá," ni wọ́n wí. "Èmi gbà á gbọ́."

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ìyá mi ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti kọ́ ọ sórí. Wọ́n ní ohùn ẹ̀ làwọn gbọ́, àwọn sì ti mọ ohùn yẹn láti ìgbà tí kò tíì lè pe ẹnikẹ́ni lórúkọ. Wọ́n ní ọkàn àwọn sọ fún àwọn pé ìṣèlú ti yí i lórí. Àwọn dìde láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, àwọn lọ gbé tábìlì àwọn wọlé kí àwọn télọ̀ tó dé. Mo bi wọ́n kí nìdí tí wọ́n fi sáré bẹ́ẹ̀.

"Bó bá dé ibẹ̀ tó fo tèmi, wọ́n á ní ó ń ṣojúsàájú," ni ìyá mi sọ. "Bó bá sì kó o, wọ́n á ní ó da tábìlì ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nù. Mo ní kí n yáa gbé e kúrò fúnra mi, kó má baà nira fún un."

Ẹ̀rín ti tán lójú Bọ̀dá. Ojú tì mí láti sọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn: pé mo ti rí ẹlẹ́rìí, pé adájọ́ wo ló máa gbọ́ èyí tí kò ní í fún wa láre. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó fa bébà sọ́dọ̀. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n kọ orúkọ wọn gbọ̀ngbọ̀nràn bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà.

"Ẹ̀yin náà?" Bọ̀dá ló bi wọ́n bẹ́ẹ̀.

"Ohùn ẹ ni mo gbọ́," ni ìyá mi wí, wọ́n sì wò ó wàyí.

Ó na ọwọ́ gba ìwé náà lórí tábìlì mi, ó kà á, ó ká a, ó tì í bọ àpò. Ó ní èyí kò ní í dé kọ́ọ̀tù. Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀bẹ̀, mo fi ohùn lọ́yà sí i. Ó ti wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọ̀rányàn ló gbà lọ, ó wọ yàrá ìyá mi, ó gbé tábìlì náà rù, ó di Bẹyẹrúnkà, lójúmọmọ, pẹ̀lú agbádá baálé lọ́rùn. Ìyá mi gbé ike bọ́tìnnì tẹ̀ lé e, wọ́n ń sáré kí wọ́n lè bá a, wọ́n ń pariwo pé kó rọra, kó má fi agbádá alágbádá kọ́ ìṣó. Èmi àti fáìlì mi la kẹ́yìn.

Ó gbé e sílẹ̀ ní ojú ibi tó ti wà láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sí àyè wọn, kò mì. Síbẹ̀ ó yọ okùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó tún ilẹ̀ wọn. Mo rò pé ó kàn ń wá ibi tó máa fi ojú sí ni. Lẹ́yìn náà ó jókòó tì wọ́n, ó ń bá wọn ta òwú títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Ó ta òwú búlúù fún télọ̀ tó béèrè aláwọ̀ ewé, ìyá mi sì bú u dáadáa. Mi ò tíì rí ẹni tí inú ẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ pé wọ́n ń bú òun.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀, àmọ́ ẹnì kan ti ya fọ́tò. Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa kan náà, tòun ti ohùn arò ẹ̀, kéde pé olùdíje tó ní òun máa kó tábìlì ọlọ́jà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ìbò tó wáyé o, pé wọ́n rí i lójú títì pẹ̀lú tábìlì ìyá àgbàlagbà kan lórí, tí ìyá náà ń sá tẹ̀ lé e, tó ń ké.

Mi ò lè purọ́, mo fò sókè. Lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn tí a ti kọ̀wé kìlọ̀ fún wọn. Adájọ́ máa bu owó gbà-má-bínú ńlá lé wọn ni. Mo gbé bébà tuntun, mo gbé bírò, mi ò tiẹ̀ rántí we gèlè, mo sáré sọ̀kalẹ̀ láti Bẹẹrẹ dé Bẹyẹrúnkà. Ìyá mi wà nídìí tábìlì, rédíò kékeré wọn wà láàárín òwú, àwọn télọ̀ rọ̀gbà yí wọn ká, wọ́n ń bi wọ́n léèrè bóyá omijé ti gbẹ.

Mo béèrè bí òfin ṣe ní ká béèrè. Ṣé wọ́n gbọ́ ọ? Wọ́n gbọ́ ọ. Ṣé wọ́n gbà á gbọ́?

"Rárá," ni ìyá mi wí. "Kọ ọ́ síbẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n máa gbé sáfẹ́fẹ́ nípa ọmọ yẹn tí màá gbà gbọ́ mọ́, ì báà jẹ́ ohùn ẹ̀ ló ń sọ ọ́."

Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí mo ní láyé ti dà bíi baálé àti ìyàwó ilé àti gbogbo wọn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kí n kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, nítorí pé mo ti wá títí débẹ̀, mo ra síìpù dúdú kan tí n kò nílò, mo sì gun òkè padà lọ sí ọ́fíìsì.